Fóònù wo ló máa tọ́jọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ara fóònù àti update rẹ̀

Ẹni tó bá ti mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ fóònù, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Èwo ló dáa jù?" Ó máa ń ṣòro láti dáhùn, torí fóònù méjì ló wà nínú ẹyọ kan: èyí tí ẹ fọwọ́ dì mú, àti èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ń tibi tó wà tún ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àtúnṣe yìí ni wọ́n ń pè ní update. Ti àkọ́kọ́ lè le koko bí ọta kí ìkejì ti kú tipẹ́. Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni mo kó jọ síbí.

Fóònù mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ update?

Oríṣi méjì ni update, àwọn tó ń polówó fóònù sì máa ń pò ó pọ̀ mọ́ wa lójú. Ọ̀kan ni ẹ̀yà Android tàbí iOS (ti iPhone) tuntun tó ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tó ń yí bí fóònù ṣe rí padà, tó ń gbé nǹkan tuntun wá. Ìkejì ni update ààbò. Ìyẹn kì í yí nǹkan kan padà lójú yín, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dí ihò tí àwọn olè lè gbà wọlé. Èyí ni èmi kà sí jù.

Lọ́dún 2015, wọ́n rí ihò kan nínú Android tí wọ́n sọ lórúkọ Stagefright. Fídíò kan tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín lásán ti tó láti fi wọ inú fóònù, ẹ lè má tíì ṣí i rárá. Láti oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò Android jáde lóṣooṣù. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé kí Google gbé e jáde yàtọ̀ sí kó dé ọwọ́ yín, a ó dé ibẹ̀.

Fóònù tí kò gba update mọ́ kì í kú lọ́jọ́ kejì. Ọdún kan á lọ, méjì á lọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ó di ọjọ́ kan, ẹ ṣí áàpù báńkì, ó ní Android yín ti pẹ́ jù, kí ẹ lọ wá èyí tó ga jù ú lọ. Kámẹ́rà ṣì ń yàwòrán, ojú rẹ̀ ṣì ń dán, sípíkà ṣì ń ké, àmọ́ ohun tí ẹ torí rẹ̀ ń gbé e kiri kò ṣeé fi í ṣe mọ́.

Iléeṣẹ́ wo ló ń ṣèlérí ọdún tó pọ̀ jù?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Google gbé fóònù rẹ̀, Pixel 8, jáde, ó ní ọdún 7 gbáko lòun á fi máa fún un ní ẹ̀yà Android tuntun àti update ààbò. Kò tó oṣù mẹ́rin tí Samsung náà fi pariwo ọdún 7 fún Galaxy S24. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yà Android 4 àti ààbò ọdún 5 ni Samsung ń fún àwọn fóònù ńlá rẹ̀. Honor náà darapọ̀ mọ́ wọn lọ́dún 2025, ó fi ọdún 7 sórí Magic7 Pro tó ń tà ní Yúróòpù. Fairphone, iléeṣẹ́ kékeré kan ní Amsterdam, ti sọ tiẹ̀ ṣáájú wọn: Fairphone 5 tó jáde ní 2023 á máa gba update títí di 2031.

Àwọn tó kù ò tíì débẹ̀. OnePlus 12 àti Xiaomi 14, ẹ̀yà Android 4 àti ààbò ọdún 5 ni wọ́n gbà. Infinix Note 40 gba ẹ̀yà Android 2 àti ààbò oṣù 36.

Èyí tó wú mi lórí jù kì í ṣe ti àwọn fóònù olówó gọbọi. Lọ́dún 2024, Samsung fi ọdún 6 sórí Galaxy A16, tó wà lára àwọn tí owó rẹ̀ kéré jù nínú ìran A. Kí ìyẹn tó dé, ẹni tó bá ra fóònù olówó pọ́ọ́kú ti gbà pé ọdún méjì ni, bó bá pẹ́ tán ọdún mẹ́ta.

Apple ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀.

Apple kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí iye ọdún. Ìgbà tí òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìlú Ọba lóṣù kẹrin ọdún 2024, tó ní kí gbogbo ẹni tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ iye ọdún ààbò rẹ̀ sílẹ̀, ni Apple tó kọ ọ́ pé, ó kéré tán, ọdún 5 ni ti iPhone 15 Pro Max. Ẹni tó bá ka ìyẹn nìkan á rò pé Samsung ti fi í sílẹ̀ jìnnà.

Ẹ wá wo ohun tó ti ṣe sẹ́yìn. iPhone 6s jáde lọ́dún 2015, ó gba iOS 15 lọ́dún 2021. iPhone 5s jáde lọ́dún 2013, Apple ṣì fi update ààbò ránṣẹ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá! Àwọn iléeṣẹ́ tó ń pariwo 7, fóònù wọn kankan ò tíì pé ọdún 7 lórí ìlérí náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, 2030 la ó sì mọ èyí tó fọ́ àti èyí tó ṣe gbáko. Ní tèmi, ohun tí iléeṣẹ́ ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó ka ohun tó kọ sára páálí.

Ọdún 7 yẹn, láti ọjọ́ wo ni wọ́n ti ń kà á?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Láti ọjọ́ tí irú fóònù yẹn kọ́kọ́ jáde sọ́jà ni. Pixel 8 jáde ní oṣù kẹwàá 2023, ọdún 7 rẹ̀ á pé ní oṣù kẹwàá 2030. Ẹni tó rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gba 7. Ẹni tó rà á lẹ́yìn ọdún méjì, tó ṣì wà nínú ọ̀rá, tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí, 5 ló gbà. Fóònù tuntun lẹ rà, àmọ́ update rẹ̀ ti dàgbà.

Nítorí náà, ìṣirò kan péré ni mo máa ń ṣe: ọjọ́ tó jáde, ẹ ro iye ọdún tí wọ́n ṣèlérí mọ́ ọn, kí ẹ yọ òní kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ẹ ń sanwó fún. Fóònù tó lọ́dún 4 lórí tó jáde lóṣù tó kọjá lè ju èyí tó lọ́dún 6 tó ti pé ọdún mẹ́ta lórí igbá lọ.

Àjọ Yúróòpù gbé tiwọn gba ibòmíì. Òfin wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 20 oṣù kẹfà 2025 ń ka ọdún 5 láti ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bá dá irú fóònù náà dúró lọ́jà, kì í ṣe láti ọjọ́ tó jáde. Ìyẹn dáa ju ti àwọn oníléeṣẹ́ lọ. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: *bí* iléeṣẹ́ bá ń ṣe update, ó gbọ́dọ̀ máa fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 5 yẹn. Agbẹjọ́rò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gba abẹ́ "bí" yẹn kọjá láìkan orí mọ́lẹ̀.

Ẹ tún béèrè bí update ààbò á ṣe máa dé síra wọn. Fóònù kan lè máa gbà á lóṣooṣù, òmíràn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Fóònù Samsung kan náà lè máa gbà á lóṣooṣù nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, bó bá ń dàgbà, wọ́n á sún un sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. "Ọdún 7" ló ń jẹ́ lójú ìpolówó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kí ló dé tí update iPhone fi ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé lọ́jọ́ kan, tí ti Android ń falẹ̀?

Torí ọwọ́ kan ló ń se ti Apple. Òun ló ń ya chip, ìyẹn ọpọlọ fóònù, òun ló ń kọ iOS, òun ló ń ta fóònù. Ti Android ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ni. Google á kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹni tó ṣe chip, bíi Qualcomm tàbí MediaTek, á tún apá tirẹ̀ ṣe kó lè bá a mu. Iléeṣẹ́ fóònù á wá gbé aṣọ tirẹ̀ wọ̀ ọ́, Samsung ń pè é ní One UI, Xiaomi ń pè é ní HyperOS. Níbòmíì, iléeṣẹ́ tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kọjá. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá jókòó lé e, ó jókòó nìyẹn.

Ẹni tó ṣe chip ló máa ń kọ́kọ́ jáwọ́. Ìtàn Fairphone 2 fi èyí hàn kedere. Fóònù yìí jáde lọ́dún 2015 pẹ̀lú chip Qualcomm tó ń jẹ́ Snapdragon 801. Kò pẹ́ tí Qualcomm fi jáwọ́ nínú chip náà, àwọn Android tó ga jù Android 6 kò sí nínú ètò rẹ̀ mọ́. Iléeṣẹ́ ńlá ì bá ti ká aṣọ rẹ̀ kó máa lọ. Àwọn ará Fairphone, bí wọ́n ṣe kéré tó, jókòó tì í fúnra wọn, wọ́n gbé Android 7 wọlé, wọ́n gbé 9 wọlé, wọ́n gbé 10 wọlé, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí di 2023. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Fairphone 5, wọ́n ti kọ́gbọ́n: wọn ò mú chip tí wọ́n ń ṣe fún fóònù, QCM6490 ni wọ́n mú, èyí tí Qualcomm ń ṣe fún ẹ̀rọ iléeṣẹ́, tó sì máa ń dúró tì fún ọdún gbọọrọ.

Láti 2017 ni Google ti ń wá ọ̀nà láti tú okùn yìí. Nínú Android 8 ni wọ́n ti ya apá tó jẹ́ ti chip sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹ́ ti Android, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Project Treble. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Qualcomm ní òun á dúró ti Snapdragon 8 Elite àti àwọn tó bá tẹ̀ lé e fún ọdún 8. Iléeṣẹ́ tó bá ń lo irú chip yẹn tó tún ń fúnni lọ́dún mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀bi ru Qualcomm mọ́.

Ó dáa, ká wá ara fóònù. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó le?

Ẹ má fi ìwúwo mọ̀ ọ́n, ẹ má sì fi dídán mọ̀ ọ́n. Gíláàsì ló ń mú fóònù wúwo, òun náà ló ń fọ́. Àwọn èèyàn ń fojú kéré ẹ̀yìn tí wọ́n fi ike ṣe, wọ́n ní ó jọ ti olówó kékeré. Mi ò tíì rí ike tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ nítorí pé ó jábọ́ láti àpò. Férémù alúmínì pẹ̀lú ẹ̀yìn oníke, èmi kì í tijú rẹ̀ rárá.

Gíláàsì ojú fóònù kò lè ní gbogbo nǹkan. Èyí tó bá le débi pé iyanrìn ò lè ha á, ó sábà máa ń yára fọ́ bó bá ṣubú. Èyí tó bá rọ̀ díẹ̀ lè ṣubú láìfọ́, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ inú àpò á máa ha á. Bẹ́ẹ ṣe ń lo fóònù ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

IP68 náà ńkọ́, àmì tó ń sọ bí fóònù ṣe lè kọ eruku àti omi? Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 6, ni ti eruku: kò lè wọlé. Ìkejì, 8, ni ti omi: ó lè wà nínú omi tó jìn ju mítà kan lọ, iye ìṣẹ́jú àti bó ṣe jìn tó, iléeṣẹ́ ló ń sọ ọ́. Omi lásán tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe omi iyọ̀, kì í ṣe omi gbígbóná, kì í ṣe omi ọṣẹ. Rọ́bà àti gọ́ọ̀mù tó ń dí omi sì máa ń gbó. Fóònù tí wọ́n bá ti tú rí láti pààrọ̀ ojú rẹ̀, ẹ má ṣe fi IP68 rẹ̀ yangàn lẹ́bàá odò. Lórí gbogbo rẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ wàráńtì kì í sanwó omi.

Bátìrì ló ń kọ́kọ́ lọ nínú fóònù tí kò tíì ṣubú rí. Ẹ ka iye ìgbà tó lè kún látòkèdélẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Apple ní iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ á ṣì máa gbé ìdá 80 nínú 100 lẹ́yìn ìgbà 500; láti iPhone 15, ó di ìgbà 1,000. Yúróòpù ní ìgbà 800 ni ó kéré jù fún fóònù tuntun. Ẹni tó ń gba iná ní kíkún lójoojúmọ́, ìgbà 500 kò tó ọdún kan àbọ̀. Ẹ fi ìyẹn wé update ọdún 7, ẹ ó rí i pé ẹ máa pààrọ̀ bátìrì, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bóyá wọ́n lè rọrùn tú u wà lára dídára ara fóònù. Ti Fairphone 5, èékánná lẹ fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ àwọn tó kù, ooru lẹ máa fi yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀ ná.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í kọ gàgàrà sára páálí: irú ibi ìpamọ́ tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ eMMC, kíkà ni o tàbí kíkọ ni o, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ló ń ṣe. UFS ń ṣe méjèèjì pọ̀. Fóònù olówó kékeré tó ń falẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, eMMC tó ti fẹ́ kún ló máa ń wà níbẹ̀, wọ́n á sì ní update ló bà á jẹ́.

Ṣé orúkọ ńlá ò tó? Samsung àti Apple kò lè ṣe ẹ̀gbin.

Wọ́n ti ṣe é rí. Galaxy Note 7 jáde ní 2016, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná. Samsung pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 padà, wọ́n pààrọ̀ wọn, èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ náà tún gbiná. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n pa fóònù náà rẹ́ pátápátá. Nígbà tí ìwádìí jáde ní oṣù kìíní 2017, bátìrì méjì láti ọwọ́ oníṣẹ́ méjì ni, ẹ̀bi tọ̀tọ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbé àyẹ̀wò bátìrì onípele 8 kalẹ̀. Apple náà, iPhone 6 Plus ti 2014 ń tẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò àwọn kan.

Wọ́n ní update máa ń mú fóònù àtijọ́ falẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ó ṣẹlẹ̀ rí, ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀ sí ohun tí aráyé rò. Ní oṣù kejìlá 2017, Apple jẹ́wọ́ pé update kan ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù. Bátìrì tó gbó kì í lè fún chip ní agbára tó bá béèrè lójijì, fóònù á kàn kú pì. Wọ́n dín eré rẹ̀ kù kó má baà máa kú. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọn ò sọ fún olówó fóònù, torí ẹni tó bá mọ̀ á kàn pààrọ̀ bátìrì dípò kó ra fóònù tuntun. Apple dín owó ìpààrọ̀ bátìrì láti dọ́là 79 sí 29, ilẹ̀ Faransé sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 owó Euro lé e ní 2020.

Google náà, ní oṣù kìíní 2025, fi update kan ránṣẹ́ sí Pixel 4a tó dín ìwọ̀n tí bátìrì àwọn kan ń gbà kù, ó sì ṣètò ìrànwọ́ fún àwọn tó kàn. Èmi ṣì ń gba update. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé bí fóònù bá falẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo máa kọ́kọ́ wo bátìrì àti àyè ìpamọ́ kí n tó bú ẹnikẹ́ni.

RAM 16, kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 200, ṣé wọ́n kan ọ̀rọ̀ yìí?

Rárá.

Àlòkù ni mo fẹ́ rà. Kí ni kí n wò?

Ẹ gbé e dùbúlẹ̀ sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka kan tẹ igun rẹ̀. Mo ní ọ̀kan rí, ti iléeṣẹ́ tí n ò ní dárúkọ. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ igun rẹ̀ báyìí, ó mì lẹgẹlẹgẹ bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo rí ìlà tín-ín-rín láàárín gíláàsì ojú rẹ̀ àti férémù, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ yọ. Bátìrì ti wú, ó ti ń ti ojú fóònù jáde díẹ̀díẹ̀. Irú rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó lè gbiná.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí About phone, ẹ wá déètì tó wà níwájú ọ̀rọ̀ security update. Bí ó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ tí "kò sí update tuntun" sì ni fóònù ń sọ, iléeṣẹ́ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Lórí iPhone, ẹ wo Battery Health. Ẹ rí i dájú pé olówó àtijọ́ ti yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tí iléeṣẹ́ náà bá kógbá sílé ńkọ́?

LG ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin 2021. Wọ́n ní àwọn á ṣì fún àwọn fóònù ńlá wọn ní ẹ̀yà Android tó lè tó mẹ́ta, ó kéré tán wọn ò sá lóru. Ti Huawei gba ọ̀nà míì: ní oṣù karùn-ún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin dè é, àwọn fóònù tuntun rẹ̀ sì pàdánù áàpù Google bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wọn le, kámẹ́rà wọn sì dára gan-an.

Fóònù mi ti kọjá ọjọ́ update rẹ̀. Ṣé kí n jù ú nù?

Ẹ yọ áàpù báńkì kúrò lórí rẹ̀, ẹ yọ ímeèlì tó so mọ́ owó kúrò. Ó ṣì lè máa kọrin, ó ṣì lè máa ya fọ́tò. Tí ẹ bá láyà, LineageOS, Android tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń ṣe, wà fún ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́, ó lè gbé Android tuntun wọ̀ wọ́n, àmọ́ áàpù báńkì kan lè kọ̀ láti ṣí lórí rẹ̀, chip tó ti dàgbà náà ṣì ní ihò tí ẹnikẹ́ni ò dí.

Bí update bá dé, ṣé kí n gbà á lójú ẹsẹ̀?

Ti ààbò, bẹ́ẹ̀ ni, lálẹ́ ọjọ́ tó dé, kí bátìrì ti kún. Ti ẹ̀yà tuntun ọdọọdún, èmi máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ara ń yá kọ́kọ́ gbà á. Bó bá ní àìsàn, ariwo wọn á ti ta kí ó tó kàn yín. Ẹ kó fọ́tò yín síbòmíì ná o.